Daft Punk ìgbà wo lẹ fẹ́ràn? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àríyànjiyàn tí kò tán nílẹ̀

Bí olólùfẹ́ Daft Punk méjì bá pàdé, kí wọ́n tó kíra tán, àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan á ní àwo àkọ́kọ́ lòun mọ̀, pé ọjà lásán ni wọ́n fi ìyókù tà. Èkejì á ní ta ló fẹ́ jókòó gbọ́ ìlù gbì-gbì-gbì fún odindi wákàtí kan nígbà tí àwo ìkẹyìn wà níbẹ̀. Mo ti bá wọn dá sí ìjà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ti kúrò lẹ́yìn ẹgbẹ́ kan bọ́ sẹ́yìn òmíràn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti rí i pé àwọn ìbéèrè kan náà là ń bi ara wa. Àwọn ìbéèrè ọ̀hún rèé, pẹ̀lú èsì tèmi. Ẹni tí kò bá gbà, kò burú, ó ní etí tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn wo tilẹ̀ ni Daft Punk?

Ọmọ Paris méjì tí ń fi ẹ̀rọ ṣe orin ijó ni wọ́n, Thomas Bangalter àti Guy-Manuel de Homem-Christo. Ilé ìwé ni wọ́n ti mọra. Ẹgbẹ́ onígìtá ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀, àwọn àti Laurent Brancowitz, wọ́n pè é ní Darlin'. Ìwé ìròyìn Melody Maker nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ orin wọn, ó ní ariwo pọ́ńkì aláìlọ́gbọ́n, "daft punky thrash", ni. Brancowitz bá tirẹ̀ lọ, ó di ara ẹgbẹ́ Phoenix. Àwọn méjì tó kù gba èébú náà, wọ́n fi ṣe orúkọ. Láti 1993 títí dé 2021 ni wọ́n fi jẹ́ ẹ.

Àwo mélòó ni gbogbo ariwo yìí dá lé?

Mẹ́rin péré. Homework jáde ní 1997, Discovery ní 2001, Human After All ní 2005, Random Access Memories ní 2013. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín wọn: ọdún mẹ́rin, ọdún mẹ́rin, ọdún mẹ́jọ. Lójú tèmi, àlàfo yẹn ló bí ìdajì ìjà. Ọmọ tó gbọ́ Homework nílé ìwé girama ti ń gbowó oṣù kí Human After All tó dé, ó sì ti lè bímọ méjì kí Random Access Memories tó jáde. Orin yí padà lóòótọ́, àmọ́ etí tó ń gbọ́ ọ náà kò dúró sójú kan.

Yàtọ̀ sí mẹ́rin yìí, àwo méjì wà tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo, Alive 1997 àti Alive 2007. Orin fíìmù Tron: Legacy ti 2010 náà wà níbẹ̀. Alive 2007 yẹn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. A ó dé ibẹ̀.

Kí ni wọ́n ń jà sí gan-an?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: ṣé àwọn tó ṣe àwo àkọ́kọ́ náà ló ṣe ti ìkẹyìn? Àwọn ará Homework ní orin ilé ijó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá pa á tì, wọ́n ń lépa òkìkí. Àwọn ará Discovery ní àwo kejì ni ọgbọ́n wọn pé, kí ẹnikẹ́ni má sọ ìsọkúsọ. Àwọn ará Random Access Memories ní ẹ dákẹ́ ná, ìgbà tí wọ́n rí àwọn tó mọ ohun èlò lò ni wọ́n tó ṣe orin. Àwọn ará Human After All ò pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pàdé ẹyọ kan, ẹ wá àga jókòó, kò ní í tètè tán.

Èrò tèmi rèé, kí ẹ má baà ní mo fi pamọ́: àwọn ọkùnrin méjì yìí kò yí ọgbọ́n tí wọ́n ń dá padà láti ọjọ́ kìíní. Wọ́n á wá ègé orin kékeré kan, wọ́n á máa yí i po títí etí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí kò gbọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ibi tí wọ́n ti ń mú ègé náà wá ló ń yí padà láti àwo dé àwo. Lákọ̀ọ́kọ́, inú ẹ̀rọ tiwọn ni. Lẹ́yìn náà, ó di inú àwo àwọn ẹlòmíràn. Ó tún di gìtá tí wọ́n fi ìkánjú ta. Ní ìkẹyìn, ó di ọwọ́ àwọn àgbà onílù àti onígìtá tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́.

Kí ló dé tí àwọn àgbà olólùfẹ́ fi ní Homework nìkan ni ojúlówó?

Iyàrá ni wọ́n ti ṣe é. Iṣẹ́ àṣetiléwá ni ìtumọ̀ orúkọ àwo náà, kì í sì í ṣe àwàdà: iyàrá Thomas ní Paris ni wọ́n to ẹ̀rọ sí. Wọ́n ti gbé "Da Funk" jáde ní 1995 lábẹ́ Soma, ilé iṣẹ́ àwo kékeré kan ní Glasgow, kí ilé iṣẹ́ ńlá tó ń jẹ́ Virgin tó gbà wọ́n. Orin house ti Chicago àti techno ti Detroit, oríṣi orin ijó ẹ̀rọ méjì, ni wọ́n ń kọ́, wọn ò sì fi pamọ́. Orin kan wà nínú àwo náà, "Teachers", tí kò ju pé wọ́n ń dárúkọ àwọn tó kọ́ wọn níṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjúbà ni. Onílù tó mọ̀ ọ́n lù kì í bọ́ sójú agbo kó má kọ́kọ́ júbà ọ̀gá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn àgbà yìí ń sọ, ẹ gbọ́ "Around the World" dáadáa. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni gbogbo ohun tí ẹnu ń sọ nínú rẹ̀. Nínú èyí tó wà lórí àwo, ìgbà 144 ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ohùn yẹn nìkan, á ti sú u kí ìṣẹ́jú kejì tó pé. Ẹ fi ohùn sílẹ̀. Ẹ mú báàsì, ẹ gbọ́ bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ tún mú ẹ̀rọ ìlù, kí ẹ ṣọ́ ìgbà tí ọ̀kan bá jáde tí òmíràn wọlé. Michel Gondry, tó ṣe fídíò rẹ̀, jẹ́ kí ojú rí ohun tí etí ń gbọ́, ó fún ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní àwọn oníjó tirẹ̀. Àwọn róbọ́ọ̀tì ni ohùn, àwọn eléré ìdárayá tó ń gun àtẹ̀gùn ni báàsì, àwọn ọmọge aláṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni kíbọ́ọ̀dù, àwọn egungun òkú ni gìtá, àwọn òkú tí wọ́n fi aṣọ wé ni ẹ̀rọ ìlù. Oníjó kọ̀ọ̀kan kò mọ̀ ju ìgbésẹ̀ kékeré tirẹ̀ lọ. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò tún ní sọ pé orin yẹn ṣófo mọ́.

Ibi tí mo ti kúrò lẹ́yìn wọn ni ọ̀rọ̀ "nìkan" yẹn. Àwọn orin kan wà nínú Homework tó jẹ́ pé àárín òru, nínú ilé ijó, nìkan ni wọ́n wúlò. "Rollin' & Scratchin'" ń pariwo bí ẹ̀rọ tí ń lọ irin fún ìṣẹ́jú méje ó lé. Ẹ má gbé e sí i létí ẹni tí orí ń fọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé Discovery da àwọn olólùfẹ́ àkọ́kọ́?

Oṣù kọkànlá ọdún 2000 ni "One More Time" jáde ṣáájú àwo náà. Ohùn Romanthony, olórin ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi ẹ̀rọ lọ́ títí ó fi ń dán bí idẹ. Etí ọ̀pọ̀ kò gbà á. Wọ́n ní kí ló dé tí wọ́n fi ba ohùn ọmọlọ́mọ jẹ́ báyìí. Lónìí tí ohùn àfẹ̀rọlọ́ ti kún inú orin káàkiri, ọ̀rọ̀ yẹn ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì tóbi ju ti ohùn lọ, àwọn èèyàn kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀: láàárín orin náà, ìlù dákẹ́, kò sì tètè padà. Orin ijó ni o! Ẹ fojú inú wo onílù tó gbé kọ̀ǹgọ́ sílẹ̀ láàárín agbo, tó ń wo àwọn oníjó níran. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè dán irú ẹ̀ wò.

Wọ́n ṣàlàyé nígbà náà pé bí àwọn ṣe ń gbọ́ orin nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé ni àwọn ń wá, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún àwọn pé èyí bóde mu, tọ̀hún kò bóde mu. Ìdí nìyẹn tí gìtá aláriwo ti àwọn onírọ́ọ̀kì àti dísíkò aládùn fi jọ jókòó lórí àwo kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò tijú. Nígbà tó di 2003, wọ́n pe Leiji Matsumoto, àgbà ayàwòrán ilẹ̀ Japan, wọ́n fi odindi àwo náà ṣe fíìmù àwòrán, Interstella 5555, láti orin àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.

Ṣé wọ́n da àwọn àkọ́kọ́? Ẹni tó ń dúró de Homework kejì, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Inú mi dùn pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Sample tó kún inú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe olè jíjà nìyẹn?

Ìbéèrè yìí ló ń mú inú mi gbóná jù, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń fi ẹnu jà á kò lọ gbọ́ orin tí wọ́n gé rí. Sample ni kí èèyàn gé ibì kan nínú àwo ẹlòmíràn, kó fi ṣe ìpìlẹ̀ tirẹ̀. "Harder, Better, Faster, Stronger" gé "Cola Bottle Baby" tí Edwin Birdsong ṣe ní 1979. "Digital Love" gé ìbẹ̀rẹ̀ "I Love You More" ti George Duke, 1979 náà ni. Wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì sára àwo. Nítorí náà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ olè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ká wo ohun tí wọ́n fi ègé náà ṣe.

Ẹ gbọ́ ti Birdsong. Kíbọ́ọ̀dù yẹn wà níbẹ̀, ó ń yọ̀, ó sì ń bá orin kọjá lọ. Daft Punk dá a dúró. Wọ́n dì í mú síbi kan, wọ́n ń yí i, wọ́n wá ń sọ ọ̀rọ̀ lé e lórí lẹ́yọ-lẹ́yọ pẹ̀lú ohùn ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ kan bọ́ sórí ìlù kan. Tó bá yá, àwọn ọ̀rọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í so pọ̀. Tó bá tún yá, wọ́n á gé ohùn yẹn fúnra rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, á máa sáré sókè sódò bí ìgbà tí ọwọ́ onígìtá bá ń já gere lórí okùn. Nígbà tó bá fi máa tán, ẹ ò ní í mọ̀ mọ́ bóyá ohùn ni tàbí ohun èlò. Kò sí ìyẹn nínú ti Birdsong. Ní 2007, Kanye West gé orin yìí náà, ó fi ṣe "Stronger". Ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé ti ẹlòmíràn padà gé tiwọn, wọn ò bínú. Kódà wọ́n bá a jáde lórí ìtàgé Grammy ní 2008.

"Face to Face" tún yàtọ̀ pátápátá. Todd Edwards, olórin house ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ti dárúkọ nínú ìjúbà wọn ní 1997, ló bá wọn ṣe é, tó tún kọ ọ́. Tirẹ̀ ni pé kó gé orin sí wẹ́wẹ́ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n rẹ́, kó tún un tò títí ẹni tó ni ín gan-an á fi kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀.

Ibi tí n kò ti ní èsì ni "Robot Rock", lórí àwo kẹta. "Release the Beast" ti ẹgbẹ́ Breakwater, 1980, ni wọ́n gé, ohun tí wọ́n gé náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo orin ọ̀hún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ní iṣẹ́ Breakwater ni mò ń gbádùn, ẹnu mi á wọhò.

Akoto róbọ́ọ̀tì yẹn, ṣé ó kan orin rárá?

Ìbòjú oríṣiríṣi ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ìgbà Discovery ni wọ́n dé akoto. Ìtàn tí wọ́n pa ni pé ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án 1999, ẹ̀rọ kan bú gbàù ní sítúdíò, ìgbà tí àwọn sì jí, àwọn ti di róbọ́ọ̀tì. Àlọ́ ni, ẹ ṣáà bá wọn gberin. Ṣùgbọ́n ó kan orin dáadáa. Ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀ kì í fi ohùn ará ayé sọ̀rọ̀, àwa tí a mọ eégún kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé wa. Ohùn ẹ̀rọ tó jẹ́ ohun ìṣeré nínú Homework di ohùn wọn gan-an lẹ́yìn tí wọ́n dé akoto.

Human After All: kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìkánjú ni, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ kánjú ni. Discovery gbà wọ́n ju ọdún méjì lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe Human After All, ní ìparí 2004. Gìtá méjì, ẹ̀rọ ìlù méjì, vocoder kan (ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn èèyàn di ohùn róbọ́ọ̀tì), àti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kan tí kò gbà ju ohùn mẹ́jọ lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó máa jáde bí wọn ò bá fún ara wọn láyè láti tún un ṣe.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé àwo ti há ni. "Steam Machine" ń lọ, mo ń dúró kó débì kan, kò débì kankan. Mo yọ àwo jáde, mo fi etí aṣọ nù ún, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí iná, kò sí ibi tó ha. Mo dá a padà, ó tún ń lọ bẹ́ẹ̀. Mo ti í padà sínú páálí rẹ̀, n kò sì fọwọ́ kàn án fún ọdún kan ó lé. Èmi nìkan kọ́. Àwọn oníròyìn orin náà ò yọ̀ mọ́ ọn, àwọn tó ti dúró láti 2001 sì ń bi ara wọn pé ṣé ohun tí àwọn ń dúró dè náà nìyí.

Bí mo ṣe wá lóye rẹ̀ rèé. Nínú Homework, ohun kan máa ń wọlé, òmíràn á jáde, lára ègé tó ń yí po. Ní ti Discovery, ègé náà fúnra rẹ̀ lẹ́wà débi pé kò ní í sú yín. Nínú àwo kẹta yìí, wọ́n mú ègé tó le koránkorán, wọ́n sì kọ̀ láti wọ ọ́ láṣọ. Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan mọ́ni lágbárí ni wọ́n ń sọ, ẹ wo orúkọ orin bíi "Television Rules the Nation" àti "Technologic". Wọ́n fẹ́ kí àwítúnwí ibẹ̀ yọ èèyàn lẹ́nu. Ó dára, ó yé mi. Ohun tó yé èèyàn kò wá ní í ṣàìsú u. Ibẹ̀ ni mo dúró sí títí di ìparí 2007.

Kí ló wá yí èrò yín padà?

Pírámíìdì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, wọ́n jáde ní Coachella, àjọ̀dún orin ńlá kan ní California, wọ́n dúró sínú pírámíìdì ńlá oníná kan, wọ́n sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí: wọn ò kọ orin wọn bó ṣe wà lórí àwo. Wọ́n to orin lé orin. Eré yẹn ni wọ́n gbé káàkiri ayé títí di ọdún tó tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn Bercy ní Paris ní oṣù kẹfà 2007 ni wọ́n sì gbà sílẹ̀ sórí Alive 2007.

Ẹ lọ síbi tí "Television Rules the Nation" ti pàdé "Crescendolls". Lórí àwo tirẹ̀, àkọ́kọ́ yẹn ń wọ́ bí ẹni tó ń fa ẹ̀wọ̀n nílẹ̀. "Crescendolls" ní tirẹ̀ jẹ́ àríyá ọmọdé látinú Discovery, ó fò fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ jù. Wọ́n kó wọn pọ̀: ẹ̀wọ̀n rí ohun tó máa fà, àríyá rí ilẹ̀ tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Àwọn èrò ń hó. Mo ń gbọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀rọ etí, ní àárín òru, èmi nìkan, mo dìde dúró.

Àṣé igi àjà ni gbogbo ègé gbígbẹ tí wọ́n kó sínú Human After All. Igi àjà tó wà nílẹ̀ kò lẹ́wà lójú ẹnikẹ́ni, ìgbà tí wọ́n bá gbé òrùlé lé e ni wọ́n á mọ̀ pé ó ní iṣẹ́. Ní ìparí eré náà, wọ́n gbé orin tó sọ àwo kẹta lórúkọ lé "One More Time", kò sì sí ẹni tó lè ya èyí tí wọ́n bú sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n yìn. Ọ̀pọ̀ tó ti ju àwo kẹta nù ló lọ wá a padà lábẹ́ ibùsùn. Mo wà lára wọn.

Ṣé ẹ ka orin fíìmù Tron: Legacy mọ́ àwo wọn?

Àwọn kan ò kà á. Mo kà á fún ìdí kan ṣoṣo: wọ́n kó orchestra, ẹgbẹ́ ńlá àwọn tó ń lo ohun èlò orin, tí èèyàn inú rẹ̀ tó bíi 85, jọ ní London, Joseph Trapanese sì bá wọn to orin fún wọn. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe ń dún lọ́wọ́ èèyàn tó tó bẹ́ẹ̀, kò lè padà sí gìtá méjì àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mọ́.

Ní Random Access Memories, ṣé wọn ò kẹ̀yìn sí orin ẹ̀rọ ni?

Rárá. Ẹni tó ń ta ègé náà ni wọ́n pààrọ̀. Omar Hakim àti JR Robinson lu ìlù, Nathan East ta báàsì, Nile Rodgers ti ẹgbẹ́ Chic ta gìtá. Sítúdíò ńláńlá ní Los Angeles, New York àti Paris ni wọ́n ti gbà á, orí téèpù bí ti ayé àtijọ́. Àwọn tó ti fi sample dárúkọ ara wọn fún ayé kò lo ju ẹyọ kan lọ nínú àwo yìí: ó wà nínú "Contact", orin ẹgbẹ́ The Sherbs ará Ọsirélíà.

Ẹ wá gbọ́ "Get Lucky" bí ẹ ṣe gbọ́ "Around the World". Kọ́ọ̀dù mẹ́rin (ohùn orin mélòó kan tí wọ́n ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin, wọ́n sì ń yí po títí orin fi tán. Nígbà tí Pharrell Williams, olórin tó kọ ohùn rẹ̀, ń sọ ìtàn, mẹ́rin yẹn ni. Nígbà tí ègbè dé, mẹ́rin yẹn ni. Nígbà tí ohùn róbọ́ọ̀tì wọlé, mẹ́rin yẹn náà ni. Kò sí ibi tó yà sí. Àwọn tó ń pariwo pé àwọn èèyàn yìí ti di olórin gidi, pé wọ́n ti fi àwítúnwí sílẹ̀, ń kọ orin àwítúnwí kiri ní gbogbo ọdún 2013 láìmọ̀. Ọwọ́ Nile Rodgers ló bò ó mọ́lẹ̀: ó ń ta ohun kan náà, síbẹ̀ ìka èèyàn kì í tẹ okùn bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà kò sú ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ náà kò jìnnà sí ti Discovery. Wọ́n á jẹ́ kí àwọn àgbà wọ̀nyí ta títí, wọ́n á wá jókòó ṣa èyí tó wù wọ́n nínú rẹ̀. Àwo tiwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gé.

Ẹ̀sùn tí mo ní sí i ni gígùn. Ìṣẹ́jú 74 ni, àárín rẹ̀ sì wúwo. "Touch", tí Paul Williams, àgbà olórin ará Amẹ́ríkà, kọ ohùn rẹ̀, ni àwọn kan ń sunkún sí. Èmi máa ń rántí lásìkò náà pé mo gbé omi kaná.

Ta ni bàbá tó ń sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ nínú àwo náà?

Giorgio Moroder ni, ọmọ Ítálì tó bá Donna Summer ṣe "I Feel Love" ní 1977, orin tí ẹ̀rọ ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń dún níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣì rò pé ẹ̀rọ kò lè mú èèyàn jó. Nígbà tó dé sítúdíò láti wá sọ̀rọ̀, ó bá máìkì tó ju ẹyọ kan lọ níwájú rẹ̀, tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba: ti 1960 sí òkè, ti 1970 sí òkè, àti ti òde òní. Wọ́n fẹ́ kí ohùn rẹ̀ bá ìgbà tó ń sọ mu. Ta ló máa gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn? Àwọn méjì yẹn á gbọ́ ọ, ó sì tó wọn.

Àmì ẹ̀yẹ ńkọ́?

Ní oṣù kìíní 2014, wọ́n gba Grammy fún àwo tó dára jù lọ́dún, "Get Lucky" sì gba ti orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ dáadáa jù. Wọn ò ṣí akoto, wọn ò sì sọ̀rọ̀. Paul Williams ló bá wọn dúpẹ́. Àwọn ará Homework ní ẹ̀rí pé wọ́n ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àbúrò mi ò gbọ́ wọn rí. Àwo wo ni kí n fi lé e lọ́wọ́?

Ẹ má tò ó bí ọdún ṣe tò ó. Ẹ fún un ní Discovery, kó gbádùn ara rẹ̀. Tó bá ti ń kọ orin inú rẹ̀ kiri ilé, ẹ gbé Homework fún un, kó mọ ibi tí wọ́n ti wá. Lẹ́yìn náà, Alive 2007, kí ohùn rẹ̀ sì lọ sókè. Ìgbà yẹn nìkan ni kí ẹ tó jẹ́ kó fojú kan Human After All. Ẹ fi Random Access Memories kádìí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹyìn yẹn, á máa wá Nile Rodgers nínú àwọn tó kù, kò sì ní í rí i.

Kí ló dé tí wọ́n fi túká?

Ọjọ́ 22 oṣù kejì 2021 ni wọ́n gbé fídíò ìṣẹ́jú mẹ́jọ kan síta, "Epilogue". Inú fíìmù tí wọ́n ṣe ní 2006, Electroma, ni wọ́n ti yọ àwòrán rẹ̀: róbọ́ọ̀tì méjì nínú aṣálẹ̀, ọ̀kan fọ́ yángá, èkejì ń rìn lọ. Wọn ò fi àlàyé kankan tì í. Ní 2023, Thomas sọ fún àwọn oníròyìn pé bí ayé ṣe wá rí yìí, kò sí ohun tí òun kò fẹ́ jẹ́ tó róbọ́ọ̀tì. Ọdún yẹn náà ló gbé Mythologies jáde, orin ijó ballet tí orchestra nìkan kọ, láìsí ẹ̀rọ kankan. Ẹ lè fojú inú wo ohun tí àwọn ará Homework sọ.

Ṣé ìjà náà wá parí lẹ́yìn tí wọ́n túká?

Ó wá gbóná sí i ni. Nígbà tí Random Access Memories pé ọdún mẹ́wàá, wọ́n tún un gbé jáde, wọ́n sì fi orin kan kún un tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ pẹ̀lú Julian Casablancas, olórin ẹgbẹ́ The Strokes, láti 2013. "Infinity Repeating" ni wọ́n pè é, àwítúnwí tí kò lópin, bí ẹni pé wọ́n ti ń gbọ́ ohun tí à ń jà sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n gbé àwo yẹn kan náà jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n yọ gbogbo ìlù inú rẹ̀ kúrò. Ìdajì àwọn olólùfẹ́ bú sẹ́rìn-ín pé ta ló ń ta ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀. Ìdajì ní àwọn kò gbọ́ báàsì Nathan East tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo lọ gbọ́ "Get Lucky" aláìnílù yẹn láti lè dá sí i. Gìtá wọlé, kọ́ọ̀dù mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, kò sí ẹni tó ń lu nǹkan kan. Ó yí lẹ́ẹ̀kíní, ó yí lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó máa fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi ti ń lu tábìlì.